Ẹ̀yìn Funfun Paravento

Kùrukùru ìlú Padova, tó bá ti di oṣù kọkànlá, ó máa ń nípọn débi pé tí èèyàn bá sín nínú rẹ̀ lónìí, ọ̀la ni wọ́n tó máa kí i pẹ̀lẹ́. Wọ́n lè fi ọ̀bẹ gé e bí ẹ̀kọ. Wọ́n lè fi ewé pọ́n ọn. Inú kùrukùru yẹn ni Abọ́dúnrìn ń gbé láti ìgbà tó ti dé Italy, àmọ́ ojú kọ́ ló ń dùn ún. Ọkàn rẹ̀ ni kùrukùru náà wọ̀ lọ.

Nílé, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni kò mọ Abọ́dún Ayàwòrán? Òun ló ń ya idì àti kìnnìún sẹ́yìn lọ́rì. Idì kan wà tó yà sẹ́yìn lọ́rì oníṣu kan, bí lọ́rì náà bá ti yọ lókèèrè, gbogbo ìyá adìẹ àdúgbò á kó ọmọ wọn sábẹ́ ìyẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń gbé páálí nínú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ní Padova, ọwọ́ rẹ̀ kú. Á ra pẹ́ńsù, á jókòó, á wo pépà, pépà á wo òun náà. Pépà ló máa ń borí. Á dìde, á lọ fọ abọ́.

Abọ́ ta ni? Abọ́ Bọ̀dá Adédayọ̀ ni. Bọ̀dá Dayọ̀ ló gbà á sílé ní Arcella, nítòsí stazione ọkọ̀ ojú irin, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà ti dé Italy ṣáájú gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ á rò pé òun ló la ojú òpópónà fún àwọn Òyìnbó. Ó ní irunmú bíi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ, ó ní èjí tí ọkọ̀ akẹ́rù lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sì rèé, tó bá bọ́ ọ ní Padova, àwọn ará Venezia á máa béèrè pé kí ló kú. Abọ́dúnrìn ló ń fọ̀ ọ́.

"Kùrukùru!" Orúkọ tó sọ ọ́ nìyẹn. "Kùrukùru, omi mi ti hó?"

"Ó ti hó, Bọ̀dá."

"Kí ló dé tó o lejú báyìí? Ṣé ìyá ẹ kú ni?"

"Rárá o, Bọ̀dá."

"Ó dáa. Tó bá kú, kọ́kọ́ se ìrẹsì kó o tó sunkún."

Gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé á rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Dayọ̀ fẹ́ràn kí inú èèyàn bàjẹ́ bí ajá ṣe fẹ́ràn eegun. Ó mọ̀ pé ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kì í jiyàn. Ilé tí gbogbo èèyàn bá ti fajú ro, òun nìkan lọba ibẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di ọdún 1996, ìgbà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rán Abọ́dúnrìn lọ kó ẹrù wọlé fún obìnrin kan lẹ́bàá Prato della Valle. Signora Seo lorúkọ rẹ̀. Ará Kòríà ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún. Ọkọ rẹ̀, Òyìnbó oníṣòwò awọ, ti kú. Ó kéré débi pé tí atẹ́gùn bá fẹ́, èèyàn á fẹ́ fi òkúta lé e. Àmọ́ àwòrán ara ògiri rẹ̀! Òdòdó pupa tó tóbi bí orí èèyàn, wọ́n ń pè é ní peonia níbẹ̀. Labalábá tó dà bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó. Ní ọ̀kánkán ilẹ̀kùn, ẹja kan fò jáde nínú omi, ó la ojú gbàǹgbà bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ ní ìrù mọ́lẹ̀.

Abọ́dúnrìn wo ẹja náà. Ẹja náà wò ó. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀, gbàà! Ó yíjú wẹ̀yìn, ó fẹ́ mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ni," ni Signora Seo sọ fún un. "Iṣẹ́ tó wà fún nìyẹn."

Ó ní àwòrán àwọn mẹ̀kúnnù ilẹ̀ òun ni. Àwọn tó ń yà á kì í kọ orúkọ sí i. Wọ́n ń ti abúlé dé abúlé, wọ́n á yà á fún ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó, fún ẹni tó ń retí ọmọ, fún ẹni tí inú ẹ̀ ò dùn, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ.

"Bíi tàwa tá à ń ya lọ́rì!" ni Abọ́dúnrìn pariwo, ó gbàgbé pé páálí wà lórí òun.

"Ṣé o máa ń yà?"

"Tẹ́lẹ̀ ni, Màmá. Ọwọ́ mi ti kú."

"Gbé páálí yẹn sílẹ̀. Padà wá ní sábato."

Ó padà lọ ní Sátidé. Ó ti ń gbàdúrà kó má lọ gbé pépà tó ṣófo síwájú òun. Ìyá náà ò gbé e. Ó tẹ́ àwòrán àtijọ́ kan tó jẹ́ ìlà nìkan sílẹ̀, ó tẹ́ pépà tó ti fi àtè àti álọ́ọ̀mù ra, kí ọ̀dà má bàa tàn, bò ó, ìlà náà sì hàn láti abẹ́.

"Tẹ̀ lé e," ló wí. "Má ronú. Ẹnì kan ti yà á ṣáájú ẹ, ẹlòmíì á yà á lẹ́yìn ẹ. Tìẹ ni kó o fi inú dídùn sí i."

Búrọ́ọ̀ṣì méjì ló kó sí i lọ́wọ́ kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń fi igi jẹun. Ọ̀kan ní ọ̀dà, ìkejì ní omi lásán. Wọ́n á fi ti ọ̀dà kan òdòdó ní ìdí, wọ́n á yí ọwọ́ kíá, wọ́n á fi ti omi fa ọ̀dà náà títí á fi ré, tí pupa rẹ̀ á máa fúyẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ dé etí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Abọ́dúnrìn fi ọ̀dà pupa kun imú ara rẹ̀, ó kun aṣọ, ó kun ológbò ìyá náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, etí òdòdó kan ṣoṣo ré. Ó ré bí ojú ọ̀run ṣe máa ń ré nílé lẹ́yìn òjò. Nǹkan kan já nínú àyà rẹ̀, wẹ́rẹ́, bí okùn tí wọ́n fi so ẹran.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ wá wo Abọ́dúnrìn! Ó ń súfèé lórí bàìkì. Ó ń rí àwọ̀ níbi tí kò sí. Òṣùpá aláwọ̀ ọsàn ló rí lára muletto tí wọ́n fi ń gbé ẹrù ní magazzino, ó sì dúró tì í, ó ń wò ó, capo, ọ̀gá wọn, bú u bí ẹni ń fọ aṣọ. Ọ̀nà tó ti dí ṣí: kò pẹ́ tí ìlà tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ pépà fi kéré fún un. Láàárín àwọn òdòdó Kòríà, ó fi ẹyẹ ẹ̀ga kan sí i, ẹ̀ga pọ́ńbélé ti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń rojọ́.

"Ẹyẹ wo nìyí?" ni Signora Seo béèrè.

"Ẹ̀ga ni, Màmá. Aláròyé ni. Ó ń bú ẹ̀yin àti èmi."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Kò pa ẹyẹ náà rẹ́.

Nílé ńkọ́? Ní ọjọ́ kan Bọ̀dá Dayọ̀ ju ìbọ̀sẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi fọ̀ ọ́ lónìí," ni Abọ́dúnrìn fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mò ń lọ ya òdòdó."

Bọ̀dá Dayọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn burú ju kó gbá a létí lọ.

Nígbà tí òtútù fẹ́ parí, Signora Seo sọ ọ̀rọ̀ kan. Ó ń kó lọ sí Torino, ó fẹ́ ṣí bottega níbẹ̀, níbi tí wọ́n á ti máa yà á, tí wọ́n á sì máa kọ́ àwọn ọmọ Òyìnbó. Ó nílò ẹnì kan ṣoṣo. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún un, yàrá wà lókè bottega, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí odò.

"Ìwọ ni mo fẹ́," ló wí. "Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ ya paravento kan fún mi parí."

Paravento ni ògiri onípépà tí wọ́n máa ń ká bí ìwé, tí wọ́n bá là á sílẹ̀, á gùn ju mọ́tò lọ. Ní ilẹ̀ wọn, olódòdó ni wọ́n máa ń nà sẹ́yìn ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó. Ìyá náà ní paravento tí ìyàwó kò tíì dúró síwájú rẹ̀, pépà lásán ni. Ọjọ́ tóun bá fi ojú òun rí ìyàwó níwájú rẹ̀, ọjọ́ náà làwọn máa di ẹrù Torino.

Abọ́dúnrìn ya paravento náà. Kò sùn, kò jẹun dáadáa, ó sì ń sanra! Òdòdó orí paravento náà pọ̀ débi pé oyin wá ń kọlu fèrèsé. Ìyàwó náà ò sì jìnnà: Victory, àbúrò Bọ̀dá Dayọ̀ gan-an, fẹ́ fẹ́ Boaz tó ń ṣiṣẹ́ ní fábríìkà ní Reggio Emilia. Abọ́dúnrìn dọ̀bálẹ̀ bẹ Bọ̀dá Dayọ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí paravento òun dúró lẹ́yìn ìyàwó.

"Torí pé wàá lọ Torino?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá."

"Ta lá wá máa se ìrẹsì?" Ó fọwọ́ pa irunmú. "Mò ń ṣeré ni o. Ọmọ mi ni ẹ́. Gbé e wá."

Bọ̀dá Dayọ̀ fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ ẹrù furgone lọ gbé paravento náà. Bí wọ́n ṣe ń ká a, ó rí i pé ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú, kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ó béèrè ìdí.

"Ojú yẹn, fún òkú ni," ni Signora Seo dáhùn, ó gbọ́wọ́ lé e bí ẹni gbọ́wọ́ lé ojú egbò. "Tí èèyàn bá kú, a máa yí ojú funfun síta, a máa tẹ́ òkú sẹ́yìn rẹ̀. Ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo, ẹ̀yìn ojú funfun ni mo rí i gbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yí i sí ẹni tó wà láàyè láé."

"Á à, Màmá, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́," ni Bọ̀dá Dayọ̀ wí, ó sì bọ́ fìlà.

Ọjọ́ ìgbéyàwó pé. Capannone kan, gbọ̀ngàn onípáànù láàárín àwọn fábríìkà ní zona industriale, ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn ń lò, wọ́n ti fi bàlúùnù bo ọ̀pá irin. Abọ́dúnrìn na paravento rẹ̀ láàárọ̀, àwọn obìnrin tó ń to àga sì dúró, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Victory fọwọ́ kan ẹ̀ga náà, ó ní, "Èyí mà rí bíi tilé ìyá mi." Ojú rẹ̀ kún fún omijé.

"Kùrukùru," ni Bọ̀dá Dayọ̀ pè é, "sáré lọ sí stazione. Àwọn ẹbí ọkọ ti ń bọ̀ láti Reggio, wọn ò mọ̀nà."

Báwo ló ṣe máa kọ iṣẹ́ àgbà? Ó lọ. Àwọn ẹbí ọkọ kò tètè dé, ọkọ̀ ojú irin ti pẹ́. Kó tó kó wọn dé, ìsìn ti bẹ̀rẹ̀, Bọ̀dá Dayọ̀ sì ti bá Pásítọ̀ Hezekiah àti gbogbo ìjọ sọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin ènìyàn Ọlọ́run, ẹyẹ tó la ẹnu yẹn, ẹ̀mí àwọn ará Ṣáínà ni. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, bí aṣọ àwọn ẹni mímọ́. Ṣé kò sàn ká yí i?" Haleluyà! Ta ló máa ní kí funfun má sàn? Victory nìkan ló ní, "Bọ̀dá, òdòdó yẹn ló wù mí." Bọ̀dá Dayọ̀ ní ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìyàwó.

Abọ́dúnrìn wọlé. Ó rí Victory lórí àga nínú aṣọ funfun, ojú funfun náà ga lẹ́yìn rẹ̀ bíi ìrì dídì. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó fẹ́ lọ yí i padà.

Bọ̀dá Dayọ̀ di apá rẹ̀ mú. "Níbo lò ń lọ?"

"Bọ̀dá, ẹ gbọ́ ohun tí Màmá yẹn sọ! Ẹ gbọ́ ọ!"

"Pásítọ̀ ń gbàdúrà, o fẹ́ máa ti àga kiri lẹ́yìn wọn? Ta ló bí ẹ? Jókòó."

Gbogbo àgbà ibẹ̀ yíjú wò ó. Tó bá jẹ́ ọmọ Òyìnbó ni, á ti pariwo. Tó bá jẹ́ wèrè ni, á ti gbá paravento náà wó. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni. Ó jókòó. Ó ní òun á lọ pàdé Màmá lẹ́nu ọ̀nà, òun á ṣàlàyé. Ẹnu ọ̀nà ńlá ló ń wò. Ẹnu ọ̀nà kékeré ni Signora Seo gbà wọlé.

Ó wọ aṣọ ilẹ̀ wọn, aláwọ̀ ewé, ó dà bí ẹyẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará ilẹ̀ wọn kan, Minho, tó ń kọ́ orin opera ní Padova, ló mú un lọ́wọ́. Ó wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó gbójú sókè.

Ẹ̀rín náà kò kúrò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ń ré lọ láti ìdí títí dé etí, bí ọ̀dà tí wọ́n fi omi fà, títí ojú náà fi di pépà.

Abọ́dúnrìn sáré. Kí lọmọ Yorùbá máa ń ṣe tó bá ṣẹ ìyá àgbà? Ó na gbalaja sílẹ̀ níwájú rẹ̀, àyà kan ilẹ̀, iwájú orí kan ilẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú! Èmi kọ́! Ẹ má bínú!" Ó dìde. Ìyá náà ṣì ń wo ojú funfun náà.

"Kò tíì gbà," ni Bọ̀dá Dayọ̀ wí lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ àgbà nìyẹn? Dọ̀bálẹ̀ padà, kó o dọ̀bálẹ̀ dáadáa!"

Abọ́dúnrìn tún nà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Signora Seo ké. Igbe náà kéré, bíi ti ọmọ ológbò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ àyà ara rẹ̀, bí ẹni tó ń wò ó bóyá òun ṣì wà níbẹ̀. Ó yíjú, ó jáde, kò wẹ̀yìn.

Àwọn obìnrin ní, "Kí ló ṣe Màmá Ṣáínà? Ṣebí ọmọ ń bẹ̀ wọ́n?" Minho ló dúró, ojú rẹ̀ le.

"Lọ́dọ̀ wa," ló wí ní Italian, "ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń foríbalẹ̀ fún alààyè. Ẹ̀ẹ̀mejì, òkú ni. O ti sin ín níṣojú ìyàwó."

Kódà Bọ̀dá Dayọ̀ kò mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní kí wọ́n bu omi wá.

Abọ́dúnrìn kan ilẹ̀kùn Prato della Valle títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Minho ló ṣí i, ó ní ìyá náà ti lọ sí Torino, ọmọbìnrin Òyìnbó kan ló mú lọ. "Kò bínú sí ẹ o. Ó ń bẹ̀rù ẹ ni. Tó bá ti dijú, ìwọ ló ń rí lórí ilẹ̀."

Ó padà sí Arcella. Ó fọ ìbọ̀sẹ̀. Ó se ìrẹsì. Inú Bọ̀dá Dayọ̀ dùn, nítorí wọ́n fẹ́ fi jẹ díákónì ní àpéjọ ńlá ní Sesto San Giovanni, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì láti Torino dé Padova ló ń bọ̀.

"Kùrukùru, ya Kìnnìún Ẹ̀yà Júdà sára aṣọ ńlá fún wa. Mi ò ní wò ó. Èmi fúnra mi ni màá ṣí aṣọ lójú rẹ̀, kó ya èmi náà lẹ́nu."

"Ẹ má ṣèyọnu, Bọ̀dá."

Ọwọ́ rẹ̀ kò kú lọ́tẹ̀ yìí. Èyí ló ya òun gan-an lẹ́nu. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì méjì sọ́wọ́ kan, ọ̀dà ń sáré bí ẹ̀jẹ̀. Ó rántí nǹkan kan tí Signora sọ, pé tí ìjòyè kan bá na mẹ̀kúnnù lẹ́gba ní ilẹ̀ àwọn, ayàwòrán á ya ẹranko ńlá, á fún un ní ojú dìndìnrìn, gbogbo ìlú á sì mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní Sesto, bí irọ́ bí irọ́, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá èèyàn ló kún gbọ̀ngàn náà. Bọ̀dá Dayọ̀ wọ agbádá, ó fa okùn. Aṣọ já wálẹ̀. Kìnnìún Júdà jókòó níbẹ̀, ojú ọ̀tún ń wo Milano, ojú òsì ń wo Napoli, irunmú bíi búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ, èjí gbàgàdà, ó gbé ìbọ̀sẹ̀ kan há ẹnu.

Ọmọdé kan ló kọ́kọ́ pariwo pé Bọ̀dá Dayọ̀ nìyẹn: "Mamma, è lo zio Dayọ̀!"

Ẹ̀rín! Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn ará Monza rò pé ilẹ̀ ló ń mì. Pásítọ̀ Hezekiah rẹ́rìn-ín títí jígí fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò sí ẹni tó tún rántí oyè díákónì. Bọ̀dá Dayọ̀ dúró nínú agbádá bí àgọ́ tí òjò pa, omijé ń yí lójú rẹ̀. Abọ́dúnrìn wo omijé náà dáadáa, ó sì dùn mọ́ ọn bí ẹran àyangbẹ.

Lẹ́yìn ẹ̀rín, àwọn tó rẹ́rìn-ín jù ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n lé e, pé ó fi Kìnnìún Ọlọ́run ṣẹ̀sín. Kó tó padà dé Padova, àpò rẹ̀ ti wà níta nínú òjò.

Torino ló lọ, ṣùgbọ́n kò dé òpópónà Signora Seo. Ọjà Porta Palazzo ló tẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ sí. Òkìkí kìnnìún Sesto ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, wọ́n ń wá bá a láti Reggio, láti Brescia: ya onílé mi fún mi, ya àna mi, ya ẹni tó gba ọkọ mi. Ó ń yà wọ́n, ó ń jẹ ẹran, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ dà bí ẹni ń fọ́ ẹ̀kùrọ́. Bọ̀dá Dayọ̀ kò lè kọjá ní ìlú kankan ní àríwá Italy kí ọmọdé má bú ramúramù sí i.

Ní ọ̀sán kan, Victory dé, ó ti lóyún. Kò bá a jà nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Abọ́dún, òdòdó yẹn ni mo bá wá, eléyìí tí wọ́n yí mọ́ mi lójú. Pẹ̀lú ẹ̀ga. Mo fẹ́ fi sí yàrá ọmọ."

"Jókòó. Kò ní pẹ́."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì méjì. Ó fi ọ̀dà kan ìdí òdòdó, ó yí ọwọ́, ó fi omi fà á. Kò ré. Ó le gan-gan létí, ó ṣe ṣóńṣó. Ó fi òmíràn sí i, ó tún ṣe ṣóńṣó. Ó yí pépà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Òógùn bò ó. Nígbà tó fi máa parí, ẹnu ló yà, ẹnu ńlá pupa kan tó kún fún eyín, ẹ̀ga sì wà láàárín rẹ̀ bíi pé wọ́n fẹ́ gbé e mì.

Victory wò ó pẹ́. Ó fọwọ́ bo ikùn rẹ̀.

"O ṣé," ló wí. "Ó... ó rẹwà." Ó ká a sí méjì bí ọ̀dà rẹ̀ ṣe tutù, ó tì í sí ìsàlẹ̀ báàgì lábẹ́ àlùbọ́sà, ó lọ.

Ọkùnrin kan ti dúró lẹ́yìn Victory tipẹ́. "Ṣé ó ti kàn mí? Capo mi ni mo fẹ́. Fún un ní eyín dáadáa o, ọ̀gá mi."

"Ṣé ó ní irunmú?" ni Abọ́dúnrìn béèrè, ó ń nu búrọ́ọ̀ṣì.